Ohun Tí Mo Sọ fún Ipsita

Vrinda àbúrò mi,

Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́wọ́. Irọ́ ni mo ń pa fún ọ pé ojú iṣẹ́ abẹ mi ti jinná. Ti àyà jinná lóòótọ́. Nǹkan ọkùnrin tí wọ́n ṣe fún mi ni kò jinná, ìtọ̀ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oṣù kẹsàn-án rèé. Má dààmú, búrẹ́dì pẹlẹbẹ rótì mẹ́rin ni mò ń jẹ láàárọ̀.

Irọ́ kan náà ni mo pa fún Ipsita, tó ń ṣèwádìí nípa àwa ọkùnrin tí wọ́n bí ní obìnrin. Ó ní, "Bọ́ọ̀dá Devdatta, ṣé ara ti le?"

Mo ní, "Ẹ mú màlúù wá, kí n gbé e."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí mo bá ní ó ń dùn mí, àwọn èèyàn lè sọ pé mo ti kábàámọ̀ iṣẹ́ abẹ náà. N kò kábàámọ̀. Ọgbẹ́ ló ń dùn mí.

Okùn ràkhí rẹ dé lánàá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pè mí ní arábìnrin, ọdọọdún ni mo máa ń so ó mọ́ ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin lọ́wọ́. Èyí ni àkọ́kọ́ tí arábìnrin fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Tarun, tó jókòó tì mí níwájú Ipsita lọ́jọ́ náà, ló bá mi so ó mọ́wọ́.

Ó ní, "Bọ́ọ̀dá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún Ipsita ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ tèmi."



Bá mi kí Ìyá, kódà bí wọn ò bá béèrè mi. Lọ́la, n ó mú Tarun lọ bá Ipsita, n ó sì sọ fún àwọn méjèèjì pé ìtọ̀ ń jò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin,
Devdatta