Àwọn Iná Ewé Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Sìn

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Mo rí wọn láàárọ̀ yìí. Lára òdòdó Ẹ̀gbọ́n mi. Róòsì pupa tí mo gé ẹ̀ka rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá tó ṣàìsàn sí, tí mo rì sínú ìkòkò, tí mo ń bu omi rin láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Ọdún kan gbáko, ewé nìkan ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìrudí — ẹyọ kan ṣoṣo. Lónìí, kòkòrò wínníwínní bo ìrudí ọ̀hún, àwọ̀ wọn bí àwọ̀ ewé, wọ́n kẹ́nu bọ̀ ọ́, wọn ò mira.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ìkòkò róòsì aláwọ̀ ìyeyè tí Ẹ̀rín-Músẹ́ fi ta mí lọ́rẹ. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín-Músẹ́ ni ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo sì ti ń pè é. Mo yí ewé ẹ̀bùn rẹ̀ wò: abẹ́ rẹ̀ kún bámú.

Kò tó fún un pé ó wọ ilé Ẹ̀gbọ́n mi. Kò tó fún un pé wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì bo iwájú ilé, níbi tí ìyá róòsì yìí gan-an wà, tó fi di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Láti ìgbà tí mo ti rí sìmẹ́ńtì yẹn, n kò tẹ ilé wọn mọ́. Ó wá tẹ̀ lé mi délé kó lè pa èyí tó kù. Kò burú. Àti òun, àti àwọn kòkòrò rẹ̀ — ọwọ́ mi á tẹ̀ wọ́n.

Ìṣẹ́gun, 3

Mo mú ewé kan lọ han Ọlọ́gbà, ọkùnrin tó ń ta òdòdó ní ìkóríta wa. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní iná ewé ni, pé bí iná orí ṣe ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ṣe ń mu omi ara ewé. Ó fẹ́ ta oògùn apakòkòrò fún mi, ó ní bí mo bá fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀ ló máa kú. Mo ní èmi náà ń mí níbẹ̀. Aṣọ oníbàárà tí mo ń fọ̀ náà wà níbẹ̀, òórùn oògùn ò gbọdọ̀ kàn án. Ó rojú díẹ̀, ó ní kí n lo omi àti ọṣẹ nígbà náà.

Ọṣẹ. Èmi tí mo ti ń fọṣọ àdúgbò yìí láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú.

Ọjọ́rú, 4

Ọṣẹ tí mo fi ń bọ́ ìdọ̀tí ọrùn ẹ̀wù ni mo lò. Ewé jó. Alágbàfọ̀ bíi tèmi! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹtì, 6

Ó ti yé mi. Ọṣẹ olómi ni, èyí tó rọ̀ tí mo fi ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Ṣíbí kékeré kan sínú omi ìgò kan, ìgò tí mo fi ń wọ́n omi sáṣọ kí n tó lọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí n ṣe é, kí oòrùn má bàa bá ọṣẹ lára ewé. Omi ẹ̀rọ ló ń ṣíwájú, kó gbá àwọn tí kò dira mú lọ. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, abẹ́ ewé ju òkè lọ, torí abẹ́ ni wọ́n ń sá sí, àwọn ọ̀dàlẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, kí n fi omi lásán ṣàn án.

Mo dúró tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń jábọ́. Ọ̀kan, òmíràn, òmíràn. N kò ní purọ́ nínú ìwé ara mi: ó dùn mọ́ mi dénú.

Àìkú, 8

Aṣọ Ẹ̀rín-Músẹ́ wà lórí ìkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Èyí búlúù, tó fẹ́ràn jù. Áyọ́ọ̀nù gbóná lọ́wọ́ mi. Kí n kàn gbé e lé e láyà kí n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀ — màá ní iná ló ṣe segesège. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kì í ṣe àánú. Aṣọ tó bá wọlé sọ́dọ̀ mi kì í jó, aṣọ ọ̀tá pàápàá.

Ṣùgbọ́n òdòdó kì í ṣe aṣọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sọ sí mi lọ́kàn. Ìkòkò aláwọ̀ ìyeyè yẹn, mo ti fẹ́ dà á nù. N kò dà á nù mọ́. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Ọṣẹ kò ní kàn án. Kí wọ́n máa bí, kí wọ́n máa rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ tó, màá ra òdòdó mìíràn tó wu ojú rí, màá gbé e sáàárín wọn kí wọ́n bò ó, màá sì fi ta ìyàwó wa lọ́rẹ. Ṣebí ẹ̀bùn ló fún mi. Bárékè ni mo sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Ọjọ́bọ̀, 12

Bárékè ń gbilẹ̀. Mo da ajílẹ̀ sí i yàfùnyàfùn. Ọlọ́gbà ló kìlọ̀ fún mi pé ajílẹ̀ àpọ̀jù ń mú kí ọ̀mùnú rọ̀ jù, pé ohun tí iná ewé sì ń wá nìyẹn. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ni mo sọ di ìlànà.

Wọn kì í dúró de ọkọ. Ìyá ń bí, ọmọ tí a bí láìpẹ́ yìí náà ti ń bí. Wọ́n ṣì sàn ju Kò-burú lọ, tí òun kò lè dúró láìsí ìyàwó. Kò-burú ni ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló ń fi "kò burú" dáhùn. Dókítà ní àìsàn náà ti wọra jù, ó ní kò burú. Ọdún Ẹ̀gbọ́n ò tíì yí po tó fi gbé ìyàwó, mo bi í léèrè, ó ní kò burú.

Èèrà ti dé sí bárékè. Wọ́n ń lá omi dídùn tó ń jáde nídìí àwọn iná ewé, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ ogun nílò ẹ̀ṣọ́.

Àbámẹ́ta, 14

Ẹ̀rín-Músẹ́ wá gba aṣọ. Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí mi, ẹ ẹ̀ sinmi. Ó bèèrè òdòdó rẹ̀. Mo ní ó wà dáadáa, ó ń bímọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní òun fẹ́ kí n wá sílé, nǹkan kan wà lẹ́yìnkùlé tí òun máa fi hàn mí, ṣùgbọ́n kí n fún òun láyè díẹ̀ sí i. Àyè... àyè kí ni? Kí wọ́n lè rẹ́ sìmẹ́ńtì dé ẹ̀yìnkùlé ni? Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́.

Àǹtí ta ni? Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ àtipè mí ní ẹbí nínú ilé yẹn, abẹ́ ilẹ̀ ló sì wà.

Àìkú, 15

Ọ̀tá wọ bárékè. Àwọn kòkòrò pupa roboto, àmì dúdú-dúdú lẹ́yìn wọn. Ẹlẹ́wù-Pupa. Wọ́n ń rún ọmọ ogun mi lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn mìíràn tún wà pẹ̀lú wọn, dúdú, gbọọrọ, ẹ̀yìn wọn rí gbágungbàgun bí ọ̀nì. Mo lọ bi Ọlọ́gbà. Ó ní ọmọ Ẹlẹ́wù-Pupa náà ni, wọn ò tíì dàgbà ni wọn ò ṣe jọ ìyá wọn, ebi wọn sì ju ti ìyá wọn lọ. Ó ní kí n dúpẹ́, ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ wò kò nílò oògùn. Mo ní mo dúpẹ́.

Mo délé, mo kó gbogbo wọn sínú ìgò, tìyá tọmọ, mo lọ gbọ̀n wọ́n dà sí ilẹ̀ òfìfo tó wà ní òdìkejì títì.

Ìṣẹ́gun, 17

Iná ewé ti padà sára róòsì Ẹ̀gbọ́n. Mo tọ ipasẹ̀ èèrà láti ìdí ìkòkò. Wọ́n gba ara ògiri, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó di bárékè. Mo fi gírísì kun ẹsẹ̀ àga tí mo gbé ìkòkò Ẹ̀gbọ́n lé, kí èèrà má lè gùn ún. Omi. Ọṣẹ. Mo gún aáyù, mo sẹ́ ẹ, mo wọ́n òun náà sí i. Oníbàárà kan gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀, ó wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 19

Àwọn kan ti hu ìyẹ́. Ọlọ́gbà ní bí ilé bá ti há mọ́ wọn ni wọ́n ń hu ú. Gírísì ò dá ohun tó ń fò dúró.

Ó yẹ kí n tú bárékè ká. Mo mọ̀. Ó ku díẹ̀.

Ẹtì, 20

Mo ra róòsì funfun lọ́wọ́ Ọlọ́gbà. Ó yẹ ewé rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan lójú mi, ó ní kòkòrò kan ò lè ti ọ̀dọ̀ òun bọ́ sígboro, òun ní orúkọ láti dáàbò bò. Mo gbé e wọ bárékè. Mo ti ìkòkò méjèèjì mọ́ra títí ewé fi kan ewé.

Àìkú, 22

Ìrudí já. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni mo ti bá a, kò là, etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Mo jókòó sáàárín aṣọ tí mi ò tíì lọ̀, mo sunkún. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, Ẹ̀gbọ́n ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé òun. Kò dárúkọ òdòdó. Ojú fèrèsé ló ń wò nígbà tó sọ ọ́, èmi ni mo so ọ̀rọ̀ náà mọ́ òdòdó.

Ó dáa. Ẹni tó fa èyí á fojú ara rẹ̀ rí òdòdó tó ń kú.

Ajé, 23

Kò-burú wá gba ẹ̀wù rẹ̀. Mo gbé róòsì funfun fún un, mo ti fi bébà dídán wé ìkòkò rẹ̀. Mo ní Bọ̀dá, ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ ní kó gbé e síbi tó fẹ́ràn jù lọ nínú ọgbà rẹ̀. Ó ní kò burú.

Oúnjẹ alẹ́ yìí wọ̀ mí lára.

Ẹtì, 27

Mo fi èékánná ha igi róòsì Ẹ̀gbọ́n. Kò sí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo. Mo ha á nísàlẹ̀. Ó gbẹ. Mo ha á títí ọwọ́ mi fi kan iyẹ̀pẹ̀.

Àbámẹ́ta, 28

Ẹ̀rín-Músẹ́ wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ búlúù rẹ̀ kalẹ̀ fún fífọ̀, ó wá yọ bébà kan nínú báàgì, ewé ló wé sínú rẹ̀. Ó ní Àǹtí mi, ẹ má bínú, òun ò mọ ẹlòmíràn tó mọ òdòdó tọ́jú. Mo wo ewé ọ̀hún. Àwọn ọmọ ogun mi ni, wọ́n wà láàyè, wọ́n yó.

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọkọ òun ló fẹ́ rẹ́ sìmẹ́ńtì síwájú ilé nítorí mọ́tò. Òun bẹ̀ ẹ́ nítorí róòsì Ẹ̀gbọ́n, ó ní kò burú, àfi bí àwọn birikilà ṣe ya dé. Òun ní kí wọ́n dúró. Òun fúnra òun ló wa róòsì náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ̀gún ya òun lọ́wọ́, òun sì tún un gbìn sẹ́yìnkùlé. Ó na ọwọ́ sí mi. Àpá náà wà níbẹ̀. Mo ti ń rí àpá yẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ń kó aṣọ fún mi, n kò bi í rí.

Ó ní ó kù díẹ̀ kí róòsì náà kú. Òun ò fẹ́ sọ fún mi kó má bàa jẹ́ pé màá tún ṣọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òun ní kó kọ́kọ́ tanná kí òun tó pè mí. Ó ti rudi báyìí, ìrudí ti kún orí rẹ̀. Nígbà tí Kò-burú wá jíṣẹ́ pé kó gbé ẹ̀bùn mi síbi tó fẹ́ràn jù lọ, ẹ̀gbẹ́ róòsì Ẹ̀gbọ́n ló gbé e sí. Ó ní òun rò pé ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn.

Mo ní kó máa lọ, mo ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó lọ tán, mo lọ wá ìgò tí mo fi kó àwọn Ẹlẹ́wù-Pupa lọ́jọ́sí.

Àìkú, 29

Ilẹ̀ ò tíì là dáadáa tí mo fi wà nínú ilẹ̀ òfìfo òdìkejì títì, lórí eékún, mo ń yí ewé igbó wò. Ẹlẹ́wù-Pupa tí mo lé, mo tún wá ń wá wọn kiri. Mo rí ìwọ̀nba. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo padà sí tí mo ti bá ìyókù: wọ́n ti fúnra wọn fò padà wá, wọ́n ti bí ọmọ ẹlẹ́yìn-ọ̀nì wọn síbẹ̀, wọ́n ti jẹ bárékè kù díẹ̀. Mo kó wọn sínú ìgò, mo já ewé sí i. Mo mú ọṣẹ. Mo mú gírísì.

Mo gba orí sìmẹ́ńtì kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ni ó wà lóòótọ́. Róòsì Ẹ̀gbọ́n mi, ó ga, bó ṣe rí nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wà láyé. Mo fọwọ́ kan igi rẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀.

A ṣe é pọ̀, èmi àti Ẹ̀rín-Músẹ́. Ó ń di ẹ̀ka mú, èmi ń fún ọṣẹ sábẹ́ ewé. A gé àwọn orí tó ti bàjẹ́ jù. A di róòsì funfun sínú ọ̀rá, a so ó pinpin. A fi omi ṣan èyí tó kù, a dúró kó gbẹ, torí ọṣẹ á pa Ẹlẹ́wù-Pupa náà. Mo wá ṣí ìgò. Wọ́n rìn jáde, wọ́n gun ìrudí lọ bí ẹni tó mọ ilé. Kò-burú yọjú lójú fèrèsé, ó wò wá, ó ní kò burú.

Ẹ̀rín-Músẹ́ bi mí níbi tí mo ti ra èyí funfun. Mo ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́gbà. Ojú rẹ̀ yí padà, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kò lè jẹ́ àìmọ̀, pé bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó yẹn, ẹni tó tà á rí wọn. Ó ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí ránṣẹ́ sílé onílé, òdòdó kò ní hù nílé tirẹ̀ náà láé. Ó ń wò mí, ó ń dúró.

Mo ní àmín.

Ọ̀la ló fẹ́ lọ bá Ọlọ́gbà ní ìkóríta, níwájú gbogbo oníbàárà rẹ̀. Ó ní ká jọ lọ, kí n lè jẹ́rìí. Aṣọ búlúù yẹn ló fẹ́ wọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Ó wà lórí ìkọ́ níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.