Amúnútutù Tí Kì Í Ṣe Amúnútutù

Hillbrow,
Johannesburg.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kínní.

Morádéyọ̀, ìyàwó mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Durban, ìwọ àti Ṣẹ̀yẹ ọmọ mi? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu lórí àtẹ̀gùn ilé wa.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ kì í ṣe ti orí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé. Láti oṣù Kẹsàn-án ni ojú ti ń tì mí. Ọdún mẹ́rin lo fi tọ́jú òdòdó tó ń fà mọ́ wáyà ọgbà yín, tí ò ń bomi rin ín, tí ò ń fi okùn darí rẹ̀. O ní afẹ́fẹ́ òkun bá a lára mu, pé òtútù kì í pa á níbẹ̀ bó ṣe máa ń pa ewéko wa níbí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rudi fún ìgbà àkọ́kọ́ ni èmi ìyá ọkọ dé.

Kí ni mo rí? Ewé tó nípọn, tó ń dán, tó ń gun wáyà. Mo ní, "Háà! Amúnútutù rèé nílẹ̀ Zulu!" Ọdún mẹ́fà ni mi ò ti fojú kàn án. Kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti gé gbogbo rẹ̀ dé ìdí, mo ti rẹ́ ẹ sínú abọ́. Oje funfun ń kán sí mi lọ́wọ́, mo ní bóyá bí ti Durban ṣe ń ṣe nìyẹn! Ọ̀kánjúwà ọbẹ̀ ò kúkú jẹ́ kí n ríran.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ wọlé kí n tó dà á sínú ìkòkò. O wo abọ́, o wò mí, omi lé ròrò sí ọ lójú, o sì kúnlẹ̀ pé, "Kò burú, Mọ́mì. Ẹ kú iṣẹ́." Ìbá sàn kí o bú mi! "Ẹ kú iṣẹ́" yẹn ló ń dún létí mi títí tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì padà. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba àárín wa jẹ́ nítorí ewé.

Àfi lánàá tí àwòrán rẹ wọlé sórí fóònù mi. Olúwa ò! Òdòdó funfun báláú láti òkè délẹ̀! O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gígé tí mo gé e ló jẹ́ kó yọ ẹ̀ka tuntun, pé, "Mọ́mì, tó bá di Àjíǹde, ẹ wá bá mi gé e." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo jó yí tábìlì po. Tawakalit tí a jọ ń gbé bi mí pé kí ló dé, ṣé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni? Mo ní rárá o, ìyàwó mi ló dárí jì mí.

Síbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi. Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò mú ọ̀bẹ, èmi á kàn bá ọ di ẹ̀ka mú.

Bí òdòdó yẹn ṣe rú lẹ́yìn gígé, bẹ́ẹ̀ ni ilé yín yóò máa rú. Ẹ ó máa rí ti ara yín rò, ayọ̀ ò sì ní tán lójúde yín.

Èmi ni ìyá ọkọ rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,
Ìyá Ṣẹ̀yẹ.

Àfikún: Mo di hóró amúnútutù gidi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé, sínú àpòòwé yìí. Gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí o kọ "ỌBẸ̀" gàdàgbà sí páálí, kí o gbé e kọ́ síbẹ̀. Mo mọ ara mi.