Aṣọ Tábìlì Aláwọ̀ Méjì

Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá
A rán ìdajì méjèèjì aṣọ tábìlì pọ̀ lónìí. Orí mi fẹ́ fọ́! Oṣù méjì gbáko ni mo fi kó ọnà sí ìdajì tèmi. Atìlẹ̀kùn náà kó tiẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. (Àbúrò mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwé yìí nìkan ló gbọ́ ọ.) Òdòdó kan náà, òwú méjì tó dábùú ara wọn bí àgbélébùú wínníwínní kan náà. Mo tẹ́ ẹ — tèmi pupa fòò, tiẹ̀ ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Aṣọ kan, àwọ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí Màmá wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pé ọgọ́rin ọdún. Aṣọ yìí ni ẹ̀bùn wọn. Kò sí òmíràn.

Ajé, 8
Èmi ni mo ra òwú. Ìdì mẹ́rìndínlógún, mo ka mẹ́jọ fún un. Mo ní, òwú mi dà? Ó ní òun ló wà lára aṣọ yẹn. Mo ní irọ́ ni, o ti sọ ọ́ nù, o wá lọ ra gbàrọgùdù dípò ẹ̀. "Àǹtí mi, òwú yín ni." Kò wò mí lójú. Mo ní kí ló dé tó fi ń tilẹ̀kùn tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹyin ló ń yé níbẹ̀ ni?

Ìṣẹ́gun, 9
Kò bá mi jẹun. Ó dáa. Oúnjẹ á ṣẹ́ kù.

Ọjọ́rú, 10
Mo mú sísọ́ọ̀sì. Màá tú tiẹ̀, màá tún un kó. Òdòdó mẹ́rìnlélógún, wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù — wákàtí méjìdínlógún lójúmọ́. Bí mi ò bá jẹ, tí mi ò sùn, á ṣeé ṣe. Mo tú mẹ́ta ní igun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń sunkún. Mo ní máa sun ún lọ, omijé kì í pa òwú láró.

Ọjọ́bọ̀, 11
Òwú tán. Mo gbé aṣọ lọ bá Ìyá Olówùú. Ìjà ni mo bá lọ — bóyá òun gan-an ló da àwọ̀ méjì pọ̀ fún mi. Ó tẹ́ ẹ, ó wò ó títí. Ló bá yí aṣọ náà po, ẹ̀gbẹ́ wá di iwájú. Tèmi ṣú! Ti àbúrò mi di pupa fòò. Mo ní kó tún un yí. Wọ́n tún pààrọ̀ ara wọn.
Ó ní: "Òwú kan náà ni, ìyá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á ni. Ẹ wo òwú tó wà lókè nínú àgbélébùú yín, ọ̀tún ló dà sí. Tẹnìkejì dà sí òsì. Ta ní ń lo ọwọ́ òsì nínú yín?"
Mo ní kò sí.
Mo ti dé ìta kí n tó rántí.

Ẹtì, 12
Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi nígbà náà. Èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Òsì ló fi ń mú gbogbo nǹkan. Màmá ní èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀. Wọ́n na àkísà sí mi: "Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Bá mi dè é." Èmi ni mo ń dè é. Àràárọ̀, odidi ọdún kan. Mo mọ kókó ta, kò lè tú u. A ní ó ti jáwọ́. Láti ogójì ọdún ó lé — ó kàn ń tilẹ̀kùn ni!
Inú ń bí mi sí Màmá. Inú ń bí mi sí òun náà, kí ló dé tí ò sọ? Ta ni kó sọ fún? Èmi tí mo dè é?

Àbámẹ́ta, 13
Nírọ̀lẹ́, mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Mo ní, òwú rèé, mo ti ba òdòdó mẹ́ta jẹ́ fún ẹ. Ọwọ́ mi ò lè dà síbi tí tìẹ dà sí. Wá kó o ní pálọ̀. "Pálọ̀ kẹ̀?" Pálọ̀! Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn, mo fi sápò.
Ó jókòó lójú fèrèsé, ó fi ọ̀tún mú abẹ́rẹ́, ó ń wò mí. Ó rán ẹyọ kan, ó tún un tú. Mo jágbe mọ́ ọn: ṣé oṣù méjì míì la ní ni? Ló bá pààrọ̀ ọwọ́. Òdòdó kan, wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìdajì àsìkò tèmi! Inú tún bí mi.

Àìkú, 14
Màmá ò dúró di ọ̀sán. Òdòdó kẹta ò tíì parí nígbà tí wọ́n wọlé. Ojú wọn lọ tààrà síbẹ̀. "Ọwọ́ wo nìyẹn?"
Àbúrò mi ti ń gbé abẹ́rẹ́ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Mo gbá ọwọ́ òsì yẹn mú, bí mo ṣe máa ń gbá a mú láyé ọjọ́un. Abẹ́rẹ́ gún mi. Mi ò jẹ́ kó bọ́.
Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó. Kò tíì ṣe tán."
Wọ́n jókòó. À ń wo ọwọ́ òsì náà títí ó fi já òwú.