Orúkọ Tí Wọ́n Fi Sin Zümrüt

Àbámẹ́ta, 19 Jánúárì 1985

Zümrüt kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyàwó mi. Ọdún mẹ́tàlélógójì la jọ gbé. N kò mọ̀wé. Nefize ló ń bá mi kọ èyí, ìyàwó Ridvan ọmọ mi. Torí Ridvan ni, kó lè kà á nígbà tó bá dé. Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun yí abúlé wa ká, torí ó ní òun ò ní fi orúkọ Tọ́ọ̀kì tí bàbá òun sọ òun sílẹ̀ gba orúkọ Bùlìgéríà tí ìjọba ń fipá sọ gbogbo àwa Tọ́ọ̀kì. Ó ń lọ sí oṣù kan. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn obìnrin wẹ òkú, wọ́n dì í ní likáfánì. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, òkú kì í pẹ́ nílé. Ó yẹ kó ti wọlẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ gba ìwé ìsìnkú ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé tí mò ń pè ní Imú Ológbò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ó ní, "Zümrüt wo? Kò sí Zümrüt lábúlé yìí mọ́. Bàbá àgbà, ta ló wá kú?" Ó ju ìwé orúkọ àwọn Bùlìgéríà síwájú mi, ó kà á fún mi. Zlatka. Zdravka. Zoya. Kí n mú ọ̀kan. "Wọ́n dùn lẹ́nu, ẹ dán an wò." Láìsí orúkọ, kò síwèé. Láìsíwèé, ṣọ́jà tó wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú ò ní jẹ́ ká gbẹ́lẹ̀.

Gbogbo abúlé ti gba orúkọ tuntun. Ó ku ilé mi.

Mo padà wálé. Mo gbé ọwọ́ lé búrẹ́dì lójú gbogbo ará ilé. A ò ní ìbúra tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá bá wọn gba orúkọ fún Zümrüt, ilé yìí ò gbà á mọ́.

Àìkú, 20 Jánúárì

Òkú rẹ̀ wà ní yàrá tí à ń kó ewé tábà sí. A ò dáná síbẹ̀.

Ajé, 21 Jánúárì

Lèmọ́mù Yunus gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Yulian ni wọ́n ń pè é báyìí. Mo ní, "Yulian, káàbọ̀." Ó ní, "Hasip, bú mi tán, ká wá sọ̀rọ̀ òkú." Ó ní kí n gbà. Ọlọ́run ló ní ká tètè sin òkú, ìwé ìjọba kọ́ ni Ọlọ́run máa kà.

Mo ní, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti kúrò nídìí ibojì, tó ku ìwọ nìkan, tí o fẹ́ pe òkú pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ láti kọ́ ọ ní ohun tó máa fi dá àwọn màlékà lóhùn, orúkọ wo lo máa pè? Ó wolẹ̀. Ó ní òun á pe tòótọ́ náà, jẹ́jẹ́. Mo ní etí Zümrüt ti di láti ọdún mẹ́wàá. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Nefize ń sunkún. Mo ní kó dákẹ́, kó máa kọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 22 Jánúárì

Eku ti jẹ etí likáfánì. Mo gbé ológbò síbẹ̀. Mo rò ó wò — mo sáré lọ gbé ológbò jáde. Èmi fúnra mi ni mo jókòó tì í, igi lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 23 Jánúárì

Alága abúlé wá, òun àti ṣọ́jà méjì. Kò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí yàrá tábà, ó wo òkú. "Kọ́múrẹ́èdì Hasip, ṣé ẹ fẹ́ sá a bí ewé tábà ni? Ewé tábà ń tà. Èyí ò tà o." Àwọn ṣọ́jà rẹ́rìn-ín.

Ó ní tí mo bá gba orúkọ tuntun fún ara mi, òun á béèrè ibi tí wọ́n fi Ridvan sí. Nefize kúnlẹ̀, ó dì mọ́ bàtà rẹ̀. Mo fi irun fà á dìde. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mo fà á bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sin Màmá." Mo ní ẹni tó bá tún sọ ọ́ máa lọ sùn sílé ewúrẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Jánúárì

Oòrùn yọ. Yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé. Òórùn ti dé ibi tí à ń jẹun. Mo sun ewé tábà. Kò bò ó.

Mo lọ. Mo dúró níwájú Imú Ológbò. Mo ní, "Zlatka." Ó ní òun ò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. "Zlatka náà mà ni! Láti ọ̀sán Àbámẹ́ta. Ìyàwó ọmọ yín ló tọwọ́ bọ̀wé, a sì fún un níwèé ìsìnkú lójú ẹsẹ̀. Bàbá àgbà, kí lẹ wá ń fi òkú ṣe nílé látọjọ́ yìí?"

Mo rìn wálé. Nefize yọ ìwé náà láti àyà rẹ̀. Òógùn ti mú un rọ̀. Ó ní, "Ẹ ti fi búrẹ́dì búra, Bàbá. Ridvan ò sí nílé. Ibo ni mo fẹ́ gbé oyún yìí lọ? Mo rò pé ẹ máa rọ̀ tó bá di ọjọ́ kejì."

Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti Àbámẹ́ta, ó ń kọ ọ́, ìwé ìsìnkú sì wà láyà rẹ̀.

A sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì. Nígbà tí a kúrò nídìí ibojì, ọlọ́pàá kan ò kúrò, ó mú báírò dání. Yunus wò ó. Yunus pe òkú: "Zlatka, ọmọ Hatçe." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò pè é jẹ́jẹ́. Ó ké e sókè.

Jímọ̀, 25 Jánúárì

Mo ní kí Nefize palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Aago mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì abúlé ìyá rẹ̀ ń kọjá. Ó ní ta ni á máa bá mi kọ̀wé. Mo ní kí ló kù tí a fẹ́ kọ. Ó ní tí Ridvan bá dé ńkọ́. Mo ní á bá mi nílé.

Ó gbé báírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ṣáà sọ ọ́. Ẹnu yín lẹ fi pe Zlatka lọ́fíìsì. Ṣé ìbúra yẹn ò mú ẹ̀yin ni?"

Ó mú mi. Mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo nilé. Kọ ìyẹn náà, kí o tó wọ bàtà.