Àánú Màmá àti Kókó Inú Orí Wọn

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mo ṣì máa ń kí kí n tó wọ yàrá rẹ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó yẹ kí n ti kọ̀wé sí yín ṣáájú àsìkò yìí, àyà mi ni kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ Màmá ni. Ẹ má jáyà o. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ti ń bá mi jà lórí bí mo ṣe ń gbálẹ̀. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ni ara mi kò tíì balẹ̀.

Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù inú pálọ̀ wa, tí àwo tánganran kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun, tí ẹ̀yin baálé ilé ń jẹ iyán nínú abọ́ tí etí rẹ̀ ti kán. Àpótí aṣọ wọn kún débi pé wọ́n ní láti jókòó lé e kó tó lè pa dé. Bí a bá ń gbàdúrà àárọ̀, ẹ ó bọ́ awò ojú yín, ẹ ó ní, "Olúwa, gba obìnrin yìí lọ́wọ́ ẹrù." Màmá ni yóò kọ́kọ́ ṣe Àmín, Àmín tó rinlẹ̀, wọn á wá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, a rò pé àdúrà yẹn ti gbà. Mo ti ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá kọ́bọ́ọ̀dù ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé àwo tánganran lọ sílé wọn, Màmá sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n rọra.

"Màmá, kí ló dé?"

"Kí la ń tọ́jú wọn dè?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Ṣadé, opó tó ń ro oko ẹ̀gẹ́, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, gba aṣọ àrán tí ẹ rà fún Màmá nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìjọ yọ̀. Pásítọ̀ pè wọ́n síwájú, ó ní Ọlọ́run ti fún wọn ní ọkàn tuntun. Mo sunkún ayọ̀. Mo ní ẹ ó ti gbọ́ níbi tí ẹ wà.

Àfi bí ẹ̀wà ṣe jóná lórí iná lọ́jọ́ kan, tí èéfín gba gbogbo ilé ìdáná, tí Màmá jókòó tì í tí wọn ò gbóòórùn ohunkóhun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níbi táwọn èèyàn ti ń sunkún. Wọ́n ń kọlu àga tó wà níwájú wọn gbangba. Mo bá gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó.

Wọ́n ya àwòrán inú orí wọn. Dókítà gbé e sókè sí iná, ó fi ìka tọ́ka sí kókó kan tó tó ẹyin adìyẹ, lẹ́yìn egungun iwájú orí wọn, tó ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ tó sì ń tẹ ọpọlọ wọn mọ́lẹ̀. Ó ní òun ló dí wọn nímú, òun ló yí ìwà wọn padà, ojú wọn yóò sì fọ́ bí a kò bá yọ ọ́.

"Dókítà, àánú tí wọ́n ń ṣe ńkọ́?"

"Irú àánú wo?"

Mo ṣàlàyé. Ó tún fi ìka tọ́ka sí àwòrán náà. "Ó ṣeé ṣe kó wà lára rẹ̀, mà. Ibi tó tẹ̀ yẹn ló máa ń sọ fún èèyàn pé, dúró ná, rò ó ná."

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí yín. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo máa ń wálé wá fi ẹnu tuntun sọ fún yín pé ọpọlọ náà ni ọkàn, pé ẹran, ẹ̀jẹ̀ àti egungun nìkan lèèyàn. Ẹ rọra ń bó ọsàn yín, èèpo rẹ̀ bọ́ lódindi láìjá, ẹ là á sí méjì, ẹ fún mi ní ìdajì. Ẹ kò dá mi lóhùn. Ṣé ẹ kò ní èsì ni, àbí ọsàn yẹn ni èsì?

Àbúrò mi ọkùnrin pè láti Àbújá. "Ṣebí mo sọ fún yín, Àǹtí mi! Kì í ṣe Màmá ló fún wọn ní nǹkan wọ̀nyẹn, àìsàn ni. Ẹ lọ kó gbogbo rẹ̀ padà."

"Bó bá jẹ́ pé ọpọlọ tó ń ṣàìsàn ló fúnni, ṣebí ọpọlọ tó le koko náà ló ń háwọ́ tẹ́lẹ̀? Ta wá ni Màmá nínú méjèèjì?"

"Ìwé ti pọ̀ jù lórí yín," ló wí, ó pa fóònù.

Pásítọ̀ ní tirẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí wọ́n fi irin kan orí tí Ẹ̀mí ń lò. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ojú Màmá tó fẹ́ fọ́ ni mo rò. Mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà.

Kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Màmá bọ́ yẹtí wúrà etí wọn, wọ́n fi ta obìnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́rẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ń rò ó pé bí ọ̀bẹ bá lè gé àánú kúrò lára èèyàn bí ẹni gé èékánná, kí ló kù tí a ń pè ní ọkàn? Ẹ̀yin tí ọpọlọ yín ti di ilẹ̀, ibo lẹ wà? Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín? Mo fẹ́ kí ẹ fèsì, kódà kó jẹ́ kí ilẹ̀kùn kan dún. Ilẹ̀kùn kankan kò dún.

Màmá jí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Yẹtí mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Wọ́n ti dé, ẹni tí ẹ fẹ́. Dókítà ní ojú wọn bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kó kókó náà tán, pé kí n máa ṣọ́ ìwà wọn.

Nígbà tí a délé, wọ́n dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo. "Olè jà wá nínú ulé yìí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ fún àwọn èèyàn, Màmá."

"Èmi kẹ̀?" Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Wọn kò rán mi lọ gba nǹkan kan padà.

Ní àná, Ìyá Ṣadé wá kí wọn. Ó kúnlẹ̀, ó pè wọ́n ní Ìyá Olóore. Màmá wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Dúró. Mú uṣu yẹn wá," èmi ni wọ́n yíjú sí.

Ṣé àánú ni, àbí kókó yẹn ti tún ń dàgbà? Ẹ wo ohun tí mo dà, Bàbá mi: inú rere ìyá mi ló ń dẹ́rù bà mí.

Mo gbé iṣu náà wá. Màmá gbé ọ̀bẹ lé àárín rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sún ọ̀bẹ síhà ìrù. Wọ́n tún wò ó, wọ́n tún sún un sí i. Wọ́n wá gé e, wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan òun lọ, wọ́n sì na ìrù náà sí Ìyá Ṣadé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo wo ìrù iṣu kékeré yẹn, tí wọ́n dúró rò kí wọ́n tó gé e, ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ọyẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó ń ṣọ́ wọn, tí ó fẹ́ràn yín níbikíbi tí ẹ bá wà.