Mọ́tò Tó Fọ́ Bí Èèpo Ẹyin

Raylene ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá orí rẹ lórí ọrùn rẹ, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, adìẹ ń yé, orúnkún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Pásítọ̀ Gentry kí ọ. Ó ní òun ń gbàdúrà fún ọ, mo sì sọ fún un pé kó má dáwọ́ dúró o, nítorí ohun tí mo fojú rí ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àyà mi ṣì ń já.

O mọ̀ pé rédíò ni mo fi máa ń gbọ́ eré ìje mọ́tò yín. Rédíò ní Raylene Hutchens ti kọ lu ògiri, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Àfi bí Ernie ará ilé kejì ṣe gbé fóònù rẹ̀ dé, tó ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. O kọ lu ògiri. Kí n tó mí kanlẹ̀, o ti padà wá, o tún kọ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, o tún kọ lù ú. Raylene, irú agídí wo nìyẹn? Mo pariwo pé kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ernie ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé fóònù ló ń tún un fi hàn. Mo ní kí ni ọmọ mi ṣe fún fóònù tó fi ń pa á ní àpatúnpa?

Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Ó fọ́ bí èèpo ẹyin. Táyà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, iwájú rún wómúwómú. Ta ló ta irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ? Ògiri pàápàá mì. Ernie ní fóòmù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé sìmẹ́ńtì ti tán ní Charlotte tí ẹ ti sáré ni? Ìyá rẹ tún ní o sọ fún òun pé wọ́n fi okùn so àṣíborí rẹ mọ́ èjìká rẹ, kí orí rẹ má baà fò síwájú. Ọmọ màlúù tí à ń gbé lọ sọ́jà là ń so bẹ́ẹ̀. Ó ní dókítà tó yẹ orí rẹ wò sì bi ọ́ pé ọjọ́ wo la wà, ìlú wo lo wà. Dókítà tí kò mọ ìlú tí òun fúnra rẹ̀ wà, òun ni wọ́n gbé ọ fún.

Nítorí náà mo ti ṣí abà, mo ti fọ mọ́tò Otis ẹ̀gbọ́n mi tí o kò bá láyé. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ kí o máa fi sáré. Irin gidi nìyẹn. Ó kọ lu ògiri sìmẹ́ńtì rí ní pápá eré ìje, kò tẹ̀, iná iwájú nìkan ló fọ́. A wà á wálé lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì fi kó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ka ibí yìí sétí ìyá rẹ, torí ó máa ń fẹ́ mọ ohun tí mo ń kọ. Ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì àgbàdo lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé ta ló wa mọ́tò náà wálé. Mo ní èmi ni. Ó ní Otis ńkọ́.

Raylene, mo gbé bírò mi kalẹ̀. Ọrùn Otis ló ṣẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń sùn, mọ́tò rẹ̀ sì pé pérépéré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yin mọ́tò yẹn pé kò fọ́. Mi ò bi ara mi rí pé ìyà tí irin kọ̀ tí kò jẹ, ta ló bá a jẹ ẹ́. Ìyá rẹ ní Otis ni. Ó ní tìrẹ yìí, mọ́tò àti ògiri ló jẹ ẹ́, okùn ọrùn sì di orí rẹ mú, òun ni o fi jáde tí o ń juwọ́ sí èrò.

Mo ti ti abà padà. Bá mi bẹ àwọn ọ̀gá rẹ, kí wọ́n má fún ọ ní mọ́tò líle o. Èyí tó máa ń fọ́ ni kí wọ́n máa fún ọ. Má tú okùn yẹn, kódà bó ń yún ọ. Bí dókítà bá sì tún bi ọ́ lọ́jọ́, dá a lóhùn jẹ́jẹ́.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ernie, pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ṣì ń fi mọ́tò sáré ìje ní pápá eléruku ní gbogbo Sátidé láìso ọrùn, mo sì fẹ́ ra okùn fún un. Inú lẹ́tà ni kí o fi owó náà sí, má fi gba báńkì. Mo ní kí wọ́n fi owó tèmi hàn mí níbẹ̀ lọ́jọ́sí, wọn kò dá a mọ̀ nínú ti àwọn yòókù.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ. Ògiri yóò máa rọ̀ fún ọ. Mọ́tò ni yóò máa fọ́, ọmọ mi, ìwọ kò ní fọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Clyde Hutchens,
Brushy Fork.