Bí Mo Ṣe Mu Oògùn Tí Ń Fọ Ìfun

Ìletò Arapai,
Soroti, Uganda.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2019.

Ejoku ọ̀rẹ́ mi, ọkọ Ikwaput,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kumi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, àbí o ṣì ń fi ṣe àwáwí láti sá fún oko? Àwa wà dáadáa. A ti wú ẹ̀pà tán. Asekenye ìyàwó mi ṣì ń bú mi lójoojúmọ́, nítorí náà ara rẹ̀ le.

Mo gbọ́ pé dókítà ní kí ìwọ náà wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìfun rẹ. Má fòyà. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi Okiror ń rí nínú ìgbẹ́ kó tó kú, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń fọ ìfun. Odindi korobá ni mo gbé sẹ́nu, n ò mí títí mo fi mu ún tán. Ó dáa, ife-ife ni, láti ọ̀sán, mo sì ń di imú bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo.

Omi la fi ń po oògùn náà. Kì í ta inú bí ewé tí àwọn bàbá wa ń lò. Ṣe ló ń kó omi jọ sínú ìfun títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣàn jáde. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n máa mu omi sí i kí ara má baà gbẹ, kí n má jẹun, kí n má fi oògùn ìyàgbẹ́ mìíràn kún un, kó sì jẹ́ ohun mímu tó mọ́ gaara nìkan. Sọ fún wọn nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀, àti bí kíndìnrín bá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Opolot àtàwọn ẹgbẹ́ wa jókòó yí ìkòkò ajono, ọtí jéró wa, ká. Mo ti ọ̀pá oníhò gígùn tí mo fi ń fa ọtí mu bọ inú rẹ̀.

"Bàbá Omoding, ṣé ohun tó mọ́ gaara nìyẹn?" Asekenye bi mí.

"Asẹ́ wà lẹ́nu ọ̀pá," mo ní. "Ohun tó bá gba asẹ́ kọjá ti mọ́."

"Èèpo jéró ni asẹ́ yẹn ń sẹ́, kì í sẹ́ agídí."

Opolot rẹ́rìn-ín títí ọtí fi gba imú rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí òòyì fi gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣálángá. Asekenye ló gbé mi dìde. Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní ìfun mi ṣì dọ̀tí, òun ò rí nǹkan kan, kí n lọ tún un ṣe.

Lẹ́ẹ̀kejì, Asekenye gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ lóko gbágùúdá. Mo mu oògùn, mo mu omi, mo mu omi tó fi se adìẹ, tó sì sẹ́ títí tó fi mọ́. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ wò mí, wọ́n rí kókó kékeré kan nínú ìfun mi, wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò: kò tíì di nǹkan burúkú. Atap, òkèlè jéró wa, àti ẹ̀pà lílọ̀ ni mo jẹ lónìí.

Bá mi kí Ikwaput, kó má jẹ́ kí o sún mọ́ ìkòkò. Àti pé, Ejoku, mo mọ̀ pé ajono kò mọ́ gaara. Ẹ̀rù ohun tó pa Okiror ló ń bà mí. Mo mutí kí wọ́n lè dá mi padà sílé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Echodu.